Hùn-ùn-ùn Tó Wọ Sípíkà Bàbá

Ṣé ẹ ti gbọ́ pé Akọ̀wé mi dé láti Amẹ́ríkà? Àbúrò ọkọ mi ni. Ẹ ò ní gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu mi, ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Akọ̀wé nígbà tó ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ sílé ìwé, tí yóò ki bírò bọ etí tí kò sì ní kọ nǹkan kan. Ó gbé ẹrù wọ Fìdítì, gbogbo agbo ilé sì ti pín ẹrù náà lọ́kàn. Èmi ti gba léèsì, ìyàwó tó tẹ̀ lé mi ti gba bàtà. Ìgbà tó ṣí páálí tó tóbi jù, àṣé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu rẹ́kọ́ọ̀dù ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ampulifáyà àti sípíkà méjì. Bàbá wa ló rà á fún. A kí i kú oríire. Ẹ mọ irú kíkí yẹn.

Kí n tó máa lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé Bàbá lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ọsàn ni Bàbá tà. Ẹ̀yin tó ń gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ mọ èso tí wọ́n ń kó sẹ́bàá títì ní Fìdítì. Bàbá wà lára àwọn tó ń kó o lọ Èkó nígbà tí lọ́rì pákó ṣì ń rìn. Owó ọsàn ló fi kọ́lé, òun ló fi gbé Ìyá níyàwó, òun náà ló sì fi ra rẹ́kọ́ọ̀dù tó kún àpótí méjì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Hárúnà Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà, ló pọ̀ jù níbẹ̀. Èyí tó kọ fún ẹgbẹ́ Òròkí ní Òṣogbo ní 1971, Bàbá kì í jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rọ tó ń fi lù ú tẹ́lẹ̀ ti kú tipẹ́, ó kàn ń mú rẹ́kọ́ọ̀dù náà jáde lọ́dún, yóò nù ún, yóò dá a padà.

Akọ̀wé ò gọ̀ o. Ó mọ̀ pé iná Amẹ́ríkà ò ju fóltì 120 lọ, pé tiwa níbí jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀, ó sì ti ra tiransifọ́mà kékeré tó ń gé iná sí ìdajì. Ọmọ ilé kan ní Awẹ́ ò mọ ìyẹn, ó ki búlẹ́ńdà Amẹ́ríkà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ní gbangba, ata ò tíì dé ìdí rẹ̀ tí èéfín ti gba ilé ìdáná. Akọ̀wé to gbogbo nǹkan rẹ̀, Bàbá fúnra rẹ̀ gbé Òròkí lé e, a dákẹ́.

Hárúnà jáde. Àmọ́ ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀. Àgídìgbo tó yẹ kó máa ta ń wọ́ tuurutu, àwọn elégbè ń dáhùn bí ẹni tó ń tòògbé. Akọ̀wé ní bóyá rẹ́kọ́ọ̀dù ló ti gbó. Ìyá Olómi-tútù, aládùúgbò wa, tí kò sẹ́ni tó pè é, ní ẹ̀rọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú bàálù ni, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi di ọjọ́ kejì. Bàbá kàn wojú Akọ̀wé, ó ní, "Ta ló ń kọrin yẹn?"

Ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Oníná ní Ìlọrà. Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ọkùnrin yìí díẹ̀, nítorí àwọn èèyàn ń pè é ní onígbèéraga, mi ò sì gbà. Inú Fáàmù Sẹ́túmẹ́ńtì Ìlọrà ni wọ́n bí i sí, níbi tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ayé ìjọ́un kó àwọn ọ̀dọ́ sí kí wọ́n máa dáko ìgbàlódé. Kò fẹ́ ọkọ́, ó yàn wáyà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í jẹun níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Èyí ni wọ́n ń pè ní ìgbéraga. Èmi tí mo ti rí oníná tó jẹ iyán tán tó sì so wáyà sódì, mo mọ èyí tí mo fẹ́.

Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, wá wo bí wọ́n ṣe ń fi Hárúnà ṣe yẹ̀yẹ́."

Kò tú nǹkan kan. Ó yí ẹ̀rọ náà dojú délẹ̀, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, rẹ́kọ́ọ̀dù yín ò ṣe nǹkan kan. Iná tó ń wọlé wá bá wa, kì í dúró lójú kan, ńṣe ló ń lọ tó ń bọ̀. Níbí, ìgbà 50 ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, ìgbà 60 ni. Mọ́tò tó wà nínú ẹ̀rọ yìí, ìlọbọ̀ yẹn ló ń tẹ̀ lé. Tiransifọ́mà tí Bọ̀ọ̀dá rà ti gé agbára iná, ó káre. Kò lè fi ẹyọ kan kún ìlọbọ̀."

Akọ̀wé ní, "Nítorí náà ńkọ́?"

"Nítorí náà, rẹ́kọ́ọ̀dù tó yẹ kó yí ìgbà 33 àti ìdámẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan, bíi 28 ló ń yí."

Bàbá rò ó díẹ̀. Ó ní, "Nínú ọsàn mẹ́fà, wọ́n ti yọ ẹyọ kan." Ọ̀gá ní, "Ó péye, Bàbá." Ẹni tó bá ti ka ọsàn láyé rẹ̀ kì í ṣìṣirò.

Akọ̀wé tojú bọ fóònù, kó má baà dà bíi pé ọmọ Ìlọrà ló mọ̀wé jù. Ó ní àwọn ará Jàpáàn pàápàá wà nínú irú wàhálà yìí: Tókyò ra ẹ̀rọ iná lọ́wọ́ Jámánì ní 1895, Ọ̀sákà ra tirẹ̀ lọ́wọ́ Amẹ́ríkà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, títí di òní olónìí apá kan orílẹ̀-èdè náà ń lo 50, apá kejì ń lo 60. Ẹni tó bá kó irú ẹ̀rọ yìí kúrò ní Ọ̀sákà lọ sí Tókyò yóò gbọ́ ohùn tó wọlẹ̀ láìkúrò ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Inú mi dùn síyẹn. Mo ti rò pé àwa nìkan ni.

Àtúnṣe rẹ̀ ò le. Kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà lórí mọ́tò tí rọ́bà rọ̀ mọ́, òun ló ń fa àwo. Bí mọ́tò bá lọ́ra, kí kẹ̀kẹ́ náà tóbi sí i. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń gbẹ́ irin ní Ìbàdàn, ó gbẹ́ tuntun tó fi ìdá márùn-ún gbòòrò ju ti àtijọ́, wọ́n gbé e padà wá. Hárúnà dìde. Mo rí Bàbá tó fi ìka lu apá àga, mo sì mọ̀ pé a ó jẹun pẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Àmọ́ bí orin bá dákẹ́ láàárín, ohun kan ń kùn lẹ́yìn: hùn-ùn-ùn. Nìṣó nìṣó. Ẹ gbọ́, ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an rèé, ẹ jẹ́ kó yé yín: gbogbo ilé ló ní ẹnì kan tó jẹ́ pé sítébíláìsà ni oògùn tó mọ̀. Orí ń fọ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ ra sítébíláìsà. Fìríìjì ò tutù, ẹ ra sítébíláìsà. Ọkọ mi lẹni yẹn nílé wa. Ó lọ ra ńlá kan, ó gbé e wọlé, ó tàn án, ó ń ta kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́, hùn-ùn-ùn sì wà níbẹ̀ tó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Owó náà ti wọgbó. Kí ni sítébíláìsà ń ṣe? Bí iná bá rẹ̀, yóò fà á sókè. Bí ó bá ga, yóò fà á sílẹ̀. Kò mọ ìlọbọ̀, kò mọ kíkùn. Kódà lálẹ́, tí háfù kọ́rẹ́ńtì bá dé, bí ó ṣe ń fà á sókè fún ọ, ńṣe ló ń mu iná púpọ̀ sí i lórí wáyà títì, ti aládùúgbò rẹ yóò sì tún rẹ̀ sí i. Aládùúgbò náà yóò lọ ra tirẹ̀. Àdúgbò wa ti kún fún un, a sì tún wà nínú òkùnkùn.

Ọ̀gá padà wá. Ó tẹ́tí sí i, ó tẹ̀ ba lẹ́yìn ẹ̀rọ, ó fa wáyà tín-ín-rín kan jáde tí orí rẹ̀ ti gé. Ó bi Akọ̀wé pé, "Bọ̀ọ̀dá, ta ló gé èyí?" Akọ̀wé wo òrùlé. Wáyà náà ló yẹ kí wọ́n fi skúrù dè mọ́ ẹ̀yìn ampulifáyà, kí kíkùn rí ibi gbà lọ. Akọ̀wé rí i pé kò ní orí tó bá ihò kankan mu, ó ní àṣekù ni, ó fi sáàsì gé e. Ọdún mélòó ló fi kàwé lọ́hùn-ún? Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọkọ mi ni.

Wọ́n dè é, kíkùn dín. Kò tán. Ọ̀gá mú tẹ́sítà, ó yẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀ wò, ó mi orí. Ó ní ihò kẹta, ti ẹ́ẹ̀tì, wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò sì so mọ́ nǹkan kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé yìí, kò sí ẹ́ẹ̀tì nínú rẹ̀. Ohun tó yẹ kó gbé iná burúkú lọ sínú ilẹ̀ kò dé ilẹ̀ rí. Ó wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ẹ̀yin ni Ọlọ́run ń ṣọ́." Ó ní ẹlòmíràn yóò tilẹ̀ já irin kẹta púlọ́ọ̀gì sọnù kí kíkùn lè lọ, kíkùn náà a sì lọ lóòótọ́, àmọ́ lọ́jọ́ tí iná bá bọ́ sára páànù ẹ̀rọ, ọwọ́ ẹni tó bá kàn án ni yóò gbà lọ sílẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kó ṣú kó tó rí àyè wá ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, nítorí ẹ ti lè gbọ́ ti òdìkejì. Ó gbẹ́ ihò lẹ́yìn ilé, lẹ́bàá ibi tí omi balùwẹ̀ ń gbà jáde kí ilẹ̀ lè máa tutù. Ó gbá irin bàbà gígùn kan sínú rẹ̀ títí orí rẹ̀ nìkan fi kù. Ó bèèrè èédú, mo gbé èédú wá. Ó bèèrè iyọ̀, ìyàwó tó tẹ̀ lé mi gbé iyọ̀ wá. Ó dà wọ́n yí irin náà ká ní ipele ipele, ó ní kí Bàbá bu omi sí i. Bàbá bu omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà, nítorí Bàbá kì í bu omi sílẹ̀ kó dákẹ́.

Orí ògiri la ti rí gèlè Ìyá Olómi-tútù.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, Fìdítì ti gbọ́ pé a ri nǹkan mọ́lẹ̀. Àwọn kan ní torí kí Akọ̀wé má padà sí Amẹ́ríkà ni. Àwọn kan ní torí ilẹ̀ ààlà ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ sì kọjú sí ìjókòó tiwa, ó wàásù lórí àwọn tó ń fi iyọ̀ bọ ilẹ̀. Mo lọ bá a lẹ́yìn ìsìn, mo ní, "Ẹ̀yin Pásítọ̀, ẹ́ẹ̀tì ni o. Ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba iná dáadáa, iyọ̀ àti èédú ló ń jẹ́ kó di ọ̀rinrin mú." Ó ní òun mọ̀. Wọ́n ti ké sí Ọ̀gá sí ṣọ́ọ̀ṣì báyìí o, torí àwọn akọrin ní máíkì máa ń gbọn àwọn lẹ́nu. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, Bàbá ń rán àwọn ọmọ láti da omi sí ihò náà, Ìyá Olómi-tútù sì ń kà á.

Kíkùn lọ. Ó lọ pátápátá.

Wọ́n wá mú iná lọ. NẸ́PÀ ló mú un lọ. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní NẸ́PÀ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ náà ti kú láti 2005, tí wọ́n sì ti tà á fún aládàáni láti 2013. Ọkọ mi fa jẹnẹrétọ̀ kékeré jáde, èyí tí a ń pè ní àì-bẹ́tà-pás-màì-néjìbọ̀. Ìlọbọ̀ iná tirẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré ló ń rí: kó yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan ló tó fún 50. Hárúnà ń lọ dáadáa, ìyàwó tó tẹ̀ lé mi ki ẹ̀rọ omi gbígbóná bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ńjìnnì kérora, Hárúnà rì sílẹ̀ bíi kànga. Ó yọ ọ́, Hárúnà fò sókè, ó ń kọrin lóhùn ọmọdébìnrin. Bàbá ní kí wọ́n pa á. Ó ní òun fara mọ́ òkùnkùn.

Ìgbà òjò ni èyí tó burú jù ṣẹlẹ̀. Ìjì jà lálẹ́, iná ò lọ, ẹnu yà wá. Lójijì gílóòbù pálọ̀ wa tàn funfun gbòò, fáànù ń yí bí ẹni pé yóò fò. Ní ilé tó kọjú sí wa, iná wọn rẹ̀, ó pọ́n, ó fẹ́ẹ̀ kú. Àwọn ọmọ ń hó pé, "Fúúlù kọ́rẹ́ńtì!" Mo gbọ́ ohun tó bẹ́ nílé Ìyá Olómi-tútù. Sítébíláìsà rẹ̀ ni. Ó ta kẹ́ẹ́, ó tún ta kẹ́ẹ́, ó dákẹ́, òórùn rọ́bà jíjó sì bá atẹ́gùn wá. Tẹlifíṣọ̀n mélòó ló lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ní àdúgbò wa? Títí di òní, ẹlòmíràn ṣì ń wá ẹni tó fi ọwọ́ àìmọ́ kan póòlù.

Níútírà ló já. Ọ̀gá ṣàlàyé rẹ̀ fún wa lọ́jọ́ kejì, ẹ fetí sí i, ó wúlò ju àsọtẹ́lẹ̀ lọ. Wáyà mẹ́rin ló ń bọ̀ lórí póòlù: fésì mẹ́ta, níútírà kan. Láti fésì kan sí níútírà, fóltì 240. Láti fésì kan sí fésì kejì, 415. Níútírà ni ọ̀nà tí iná gbogbo wa ń gbà padà. Bí ó bá já, iná ilé tèmi yóò máa wá ọ̀nà gba inú ilé tìrẹ padà, wọn yóò sì pín 415 yẹn láàárín ara wọn. Pípín náà ò bá àánú mu rárá: fésì tí ẹrù rẹ̀ wúwo, iná rẹ̀ yóò rẹ̀, fésì tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́, iná rẹ̀ yóò gun òkè, yóò sun ohun tó bá bá lórí rẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ owó iná, tí wọ́n tan gílóòbù kan ṣoṣo, àwọn gan-an ló jìyà rẹ̀. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rí i tí iná ilé kan mọ́lẹ̀ jù, tí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń kú lọ, ẹ má hó yèè. Ẹ sáré pa ìdí iná.

Ẹ̀rọ Bàbá ò jó. Ọ̀gá ti fi àpótí pẹlẹbẹ kan síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó ń já iná sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bó bá ti ga jù tàbí tó rẹ̀ jù. Ó já, ó tan iná pupa, ó dúró. Kò tó ìdajì owó sítébíláìsà ọkọ mi. Mo ti sọ ìyẹn fún ọkọ mi, kò dáhùn.

Akọ̀wé náà ní tirẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ rere gbọ́dọ̀ ní wáyà rere, ló bá mú wáyà kan jáde láti inú àpótí, ó nípọn tó ọwọ́ ọmọ, iye tó rà á kò ṣe é sọ níwájú Ìyá. Ọ̀gá gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó dára. Ó wá tú sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Wáyà gílóòbù, mílímítà 1.5, ni wọ́n fà sí i, àyọ́ọ̀nù gbogbo ilé sì ń mu nínú rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ nínú àjà, láílọ́ọ̀nù píọ́wọ́tà ni wọ́n fi wé e, ó ti dúdú. Kò sọ nǹkan kan. Ó fa wáyà 2.5 tuntun, ti sọ́kẹ́ẹ̀tì gan-an, láti ìdí mítà wá sí pálọ̀, ó ní ti ẹ̀rọ Bàbá nìkan ni, kí ẹnikẹ́ni má lọ aṣọ níbẹ̀. Wáyà olówó iyebíye Akọ̀wé wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń dán.

Láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè ní May 2023, lítà tó wà lábẹ́ 200 náírà tẹ́lẹ̀ tó sì kọjá 480, ta ló tún ń fa jẹnẹrétọ̀? Ìnfátà ni gbogbo ayé ń wí. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ náà. Èyí tó pọ́ọ́kú ń gé iná ní igun igun, ampulifáyà yóò máa kùn lórí rẹ̀, tiransifọ́mà inú rẹ̀ yóò sì máa gbóná. Èyí tó ń ṣe é ní yíyípo geere ló dára, ìlọbọ̀ rẹ̀ a sì dúró lórí 50 láìyẹ̀. Orí irú rẹ̀ ni Hárúnà ti ń kọrin nílé wa báyìí.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Nígbà ìpàdé àdúgbò lórí póòlù iná wa kan tó ṣubú lẹ́yìn ìyẹn, Akọ̀wé dìde, ó ní ìwé ìròyìn Wall Street Journal kọ ọ́ ní 2016 pé agbẹjọ́rò kan ní Tókyò, àgbàlagbà tó ti lé ní 80 ọdún, ra póòlù iná ti ara rẹ̀, pẹ̀lú tiransifọ́mà lórí rẹ̀, kí iná aládùúgbò má baà ba ohùn ẹ̀rọ orin rẹ̀ jẹ́. Ilé pa lọ́lọ́. Bàbá ní, "Òun nìkan? Kò sẹ́ni tó dáwó sí i?" Akọ̀wé ní òun nìkan ni. Bàbá ní, "Kò sì sí ẹni tó lọ kọ́ wáyà mọ́ ọn lóru?"

Wọ́n wá ka orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè owó póòlù tiwa. Mi ò ní sọ gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan ṣáá wà nínú wọn tó ní òun ò ní ẹ̀rọ orin, pé kí la fẹ́ kí òun fi póòlù ṣe. Fìríìjì rẹ̀ méjì ń dún láti àárọ̀, ó ń ta omi tútù fún gbogbo ọmọ ilé ìwé Fìdítì, ó sì... Ẹ káàbọ̀ o, Ìyá! Rárá o, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ Tókyò là ń sọ.